Akéde Ẹlẹ́rẹ̀ àti Ètò Kọkànlá

Ta ló mọ̀ ọ́n nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí? Ta ló lè sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tó rí omi ni í kígbe omi"? Ẹ̀ẹ́n? Ẹ ń wojú ara yín. Ẹ rò pé òwe lásán ni, àbí? Òwe lásán kọ́ o. Ìrẹsì ló bá a lọ. Ìrẹsì odidi ìlú! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má bínú bí ohùn mi bá lọ sókè, torí bí mo bá ti rántí ọ̀rọ̀ yìí báyìí, inú mi a máa ru.

Ìlú kan wà létí odò, Ẹlẹ́rẹ̀ lorúkọ ẹ̀. Odò Ìgbín ni wọ́n ń pe odò wọn, nítorí pé kì í kánjú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá kánjú, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ tó lè bá a sáré. Àwọn baba ńlá wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá fi òfin kan lélẹ̀: ẹni yòówù kó rí omi tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ wèrè, kó figbe ta. Akéde á gbọ́, á lu agogo, gbogbo ìlú á sì gbé ẹrù gun òkè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìwé ńbẹ̀, kò sí ìpàdé.

Akéde ìgbà tí mò ń wí yìí ni Ṣóbándé, ọkùnrin gíga kan báyìí tí ohùn rẹ̀ ń ró ketekete, tí inú sì tètè máa ń bí. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mọrẹ́, ni ìrẹsì rẹ̀ pọ̀ jù ní Ẹlẹ́rẹ̀ lọ́dún náà. Àpò méjìdínlógún ló kó lóko. Ìrẹsì ọ̀hún loúnjẹ ilé wọn títí ọdún á fi yí po, òun náà sì ni irúgbìn tí wọ́n máa gbìn. Bó bá lọ, wọ́n gbé nìyẹn.

Ni àjọ kan bá wọ̀lú. Àjọ Ojú-Ọjọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n ní ayé ti ń gbóná, òjò ò rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́, odò á máa ya ju ti àtijọ́ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ará Ẹlẹ́rẹ̀ ti mọ̀ kí wọ́n tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Jíbọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán, ni ọ̀gá tó ń mójú tó ìkéde fún àjọ náà. Ó ní àwọn wá kọ́ ará ìlú bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ omi.

"Ṣebí a ní akéde," ni Baálẹ̀ wí.

"A mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí tajá tẹran kàn máa kígbe, ìdàrúdàpọ̀ nìyẹn. Ohùn kan, ọ̀rọ̀ kan la fẹ́. Akéde nìkan ni á máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì bá sì fọwọ́ sí nìkan ni á máa sọ."

Ó fa bébà yọ. Ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì fọwọ́ sí rèé o, ẹ fetí sí i: "Ẹ̀yin olùgbé agbègbè tí ọ̀rọ̀ kàn, ó ṣeé ṣe kí omi odò ga ju bó ṣe yẹ lọ láìpẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìgbésẹ̀ tó bá yẹ, ní àsìkò tó bá yẹ."

Ṣóbándé kà á, ó tún un kà. "Ọ̀gá, kí n tó ka èyí tán, ṣé omi ò ní ti wọ̀ mí lẹ́nu? 'Omi ń bọ̀' ńkọ́?"

"Ọ́fíìsì wa tó wà ní Abújá ní 'omi ń bọ̀' ti le jù. Ó lè já àwọn èèyàn láyà."

"Ṣebí torí kó lè já wọn láyà la ṣe ń kígbe!"

Baálẹ̀ ló dá sí i. Àjọ náà ti ṣèlérí ògiri kan tí wọ́n máa mọ sétí odò, ọkàn Baálẹ̀ sì ti wà lára ògiri yẹn bí ọkàn ajá ṣe ń wà lára egungun. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí akéde bá sọ ohun tí wọn ò fọwọ́ sí, tàbí tó sọ̀rọ̀ nígbà tí kò kàn án, kò sí ògiri mọ́. "Ṣóbándé, fọwọ́ sí i," ni Baálẹ̀ wí, "nítorí ìlú." Ṣóbándé fọwọ́ sí i, ó ń kùn bí oyin.

Wọ́n wá dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ìkìlọ̀ náà. Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ ṣí ìkìlọ̀ bí ẹni ń ṣílé! Òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn ń bọ̀ láti òkè òkun, etí odò gan-an ni wọ́n sì ta kánópì sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin Ẹlẹ́rẹ̀ ti kó ìrẹsì tí wọ́n ń sá létí odò gòkè tán. Omi ti pọ́n, òórùn ẹrẹ̀ sì ń bọ̀ láti òkè odò. Wọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Jíbọ́lá dé, ó rí i pé etí odò ṣófo, ojú ẹ̀ fà ro.

"Ìrẹsì dà?"

"A ti kó o gòkè," ni Ìyá Mọrẹ́ dáhùn. "Omi ti pọ́n."

"Háà, Màmá! Ayàwòrán ti dé o. Bí kò bá sí ìrẹsì létí odò, báwo làwọn tó wà lókè òkun ṣe máa mọ̀ pé ìrẹsì yín wà nínú ewu? Ẹ dákun, ẹ bá wa kó o padà wá. Wákàtí kan péré."

Ẹ ò rí nǹkan bí? Ó ní kí wọ́n kó ìrẹsì padà sínú ewu, kí àwòrán ewu lè dára! Ìyá Mọrẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ṣóbándé wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ wolẹ̀, ó ní, "Ẹ kó o wá." Bí wọ́n ṣe ru àpò méjìdínlógún sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, àti ti àwọn yòókù, wọ́n tú gbogbo ẹ̀ sórí tapólì.

Ìyá Mọrẹ́ sún mọ́ ọkọ ẹ̀. "Bàbá Mọrẹ́, ojú yín ni mò ń wò o. Bí omi yìí bá dé, ẹ ò ní dákẹ́?"

"Èmi? Èmi akéde?" Ṣóbándé fọwọ́ sọ̀yà.

Ètò bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ sínú ìwé: àdúrà ni èkínní, ìkìlọ̀ akéde ni ìkọkànlá. Àwọn èèyàn ńlá jókòó kẹ́yìn sódò. Wọ́n ta aṣọ fífẹ̀ kan sẹ́yìn wọn, wọ́n kọ OHÙN KAN, Ọ̀RỌ̀ KAN sí i gàdàgbà gadagba, aṣọ yẹn sì bo odò mọ́ gbogbo ìlú lójú. Ẹ̀yìn aṣọ níbẹ̀ ni ìrẹsì wà. Ṣóbándé nìkan, tó dúró létí aṣọ pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, ló ń rí odò.

Ètò kẹta ni wọ́n wà, Baálẹ̀ ń kí àlejò káàbọ̀, nígbà tí Ṣóbándé rí ewé òṣíbàtà tó ń ṣàn kọjá ní ìdì-ìdì. Ó nawọ́ sókè. Jíbọ́lá nàka sí ìwé ètò: kọkànlá.

Nígbà tó di ètò karùn-ún, odidi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, tòun tọmọ lórí.  Ṣóbándé lọ sọ̀rọ̀ sí Jíbọ́lá létí. "Ọ̀gá, odò ti ń ya."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ètò karùn-ún la ṣì wà. Àbí ẹ fẹ́ kí ògiri bọ́ mọ́ ìlú lọ́wọ́?"

Ṣóbándé padà sáyè ẹ̀. Ẹnu ń yún un. Ó wá ronú pé ìwé ní kóun má sọ̀rọ̀, ìwé ò ní kóun má mira. Ló bá ń nàka sódò. Ó ń fò sókè, ó ń ju apá, ó ń gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ayàwòrán sáré dé: "Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!" Òyìnbó bi Jíbọ́lá pé kí ni bàbá yẹn ń ṣe. Jíbọ́lá ní ijó ìbílẹ̀ ni, òun ni wọ́n fi ń kí àlejò pàtàkì. Inú òyìnbó dùn, ló bá dìde, òun náà ń nàka, ó ń fò sókè. Ìlú pàtẹ́wọ́. Omi ti dé etí tapólì.

Ètò kẹjọ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ má sì pè mí ní onírọ́. Ilẹ̀kùn ilé ẹnìkan láti òkè odò ń ṣàn bọ̀, àkùkọ kan wà lórí ẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Nígbà tó dé ẹ̀yìn òyìnbó wẹ́kú, ó na ọrùn, ó kọ: "Kekerekéèèè!" Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ṣóbándé nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Àkùkọ yẹn ò fọwọ́ síwèé kankan. Ojú ti Ṣóbándé, inú bí i, ó rí i pé adìyẹ ló ń bá òun ṣiṣẹ́ òun. Ló bá lanu:

"OMI O! Ẹ̀YIN ARÁ ÌLÚ, OMI Ń BỌ̀!"

Jíbọ́lá fò dìde, ó na ìwé ètò sókè. "Ètò kẹjọ la ṣì wà!"

Ẹnu ẹ̀ ò tí ì padé tí omi fi gbé aṣọ fífẹ̀ yẹn, tó fi ká àwọn èèyàn ńlá mọ́ra bí ẹni di mọ́ínmọ́ín. Ìgbà náà gan-an la tó gbọ́ ohùn kan, ọ̀rọ̀ kan: gbogbo wọn pa á pọ̀, wọ́n ń ké "Yéè!"

Àwọn ọkùnrin fà wọ́n yọ. Omi gbé Jíbọ́lá lọ kọ́ igi máńgòrò kan lápá, ló bá ń pariwo níbẹ̀ pé, "Omi o! Ẹ gbà mí, omi!" Ṣóbándé wà nínú omi tó mù ún dé ìbàdí, ó ń wọ́ àpò ìrẹsì, ó sì jágbe mọ́ ọn: "Ìyẹn ti le jù! Ó lè já èèyàn láyà!"

Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú àpò méjìdínlógún, méjì péré ló rí yọ. Ìyá Mọrẹ́ jókòó lórí òkè, omi ń ro lára ìró ẹ̀. Ṣóbándé dúró níwájú ẹ̀, ó ń ṣàlàyé: ìwé, ògiri, Baálẹ̀, ètò kọkànlá. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá dìde.

"Ta lẹ ń retí? Ṣé òyìnbó ló rí omi ni? Ẹ̀yin lẹ rí i! Ẹ rí i, ẹ ń jó! Ẹni tó rí omi ni í kígbe omi!"

Ṣóbándé ńkọ́? Ẹkún ló sun, lójú gbogbo ìlú. Odidi oṣù mẹ́ta ni Ìyá Mọrẹ́ ò fi bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bó bá ní, "Ìyá Mọrẹ́, ẹ kú àárọ̀," á ní, "Ẹni tó rí omi ni í kígbe omi." Bó bá ní, "Oúnjẹ ńkọ́?" ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àjọ Ojú-Ọjọ́ wá tẹ ìwé ńlá kan jáde. Àwòrán Ṣóbándé ló wà níwájú ẹ̀, ó ń nàka. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Akéde ìbílẹ̀ ń fi ijó kí odò." Wọ́n ní kò sílé kan ní Ẹlẹ́rẹ̀ tí ìkìlọ̀ ò dé. Wọn ò purọ́. Omi fúnra ẹ̀ ló jíṣẹ́ náà lójúlé dé ojúlé. Ògiri? Ẹ má bi mí ní ògiri o, kí n má baà sépè.

Ọdún yí po, Jíbọ́lá tún dé. Ó ní kí ìlú pé jọ síwájú ààfin, wọ́n fẹ́ gbọ́ èrò ará ìlú lórí ìkìlọ̀ tọdún tó kọjá. Wọ́n pé. Ó tú ìwé ètò, ó ka èkínní, ó nawọ́ láti ka èkejì, apá ẹ̀ bá gbá ike omi tó wà lórí tábìlì ṣubú. Ike yẹn ò tí ì délẹ̀ tí Ṣóbándé fi figbe ta:

"OMI O!"

Ẹ wá wo eré! Baálẹ̀ ká agbádá mọ́ tan, ó ṣíwájú. Ìyá Mọrẹ́ ti gbé àpò ìrẹsì karí. Kó tó di pé ojú ṣẹ́, Ẹlẹ́rẹ̀ ti wà lórí òkè tán porogodo, ó ku Jíbọ́lá nìkan pẹ̀lú àga òfìfo.

"Ẹ̀yin ará ibí yìí," ló ń kígbe sókè, "ike omi kan ṣoṣo lẹ sá fún? Ta ló ní kẹ́ ẹ kígbe?"

Ìyá Mọrẹ́ bojú wo ọkọ ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá. Ṣóbándé fi agogo sábíyá, ó fi ohùn ńlá rẹ̀ yẹn dá a lóhùn látòkè:

"Ẹni tó rí omi ni í kígbe omi!"