Omi Àjàó ní Pápá Kíríkẹ́ẹ̀tì Ìdí-Ọsàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ nínú yín pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe náà? Ẹ má wulẹ̀ wo ojú ara yín. Màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn ará Ìdí-Ọsàn.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ọsàn tó ń jẹ́ Àjàó. Ẹ̀fọ́ ló ń gbìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe wù kó le tó, tẹ̀tẹ̀ Àjàó á tutù yọ̀yọ̀, nítorí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló fi ń bomi rin ín. Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ pápá kíríkẹ́ẹ̀tì sí ìlú náà, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè yóò ti máa wá figagbága. Ilẹ̀ tí wọ́n yàn, oko Àjàó ló bọ́ sí àárín rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n lè fi tù ú nínú, wọ́n gbà á síṣẹ́ olùtọ́jú pápá. Wọ́n ní bí alábẹ̀wò láti òkè òkun bá fọwọ́ sí pápá náà, iṣẹ́ di tirẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Àjàó kò sì ní oko mọ́.

Ẹnjiníà Adùnní Ṣótúndé ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ó ṣàlàyé fún Àjàó pé nínú eré yìí, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù mọ́ kó tó ta dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a. Nítorí náà, ilẹ̀ tóóró kan tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ láàárín pápá gbọ́dọ̀ gbẹ, kó sì le bí òkúta. Koríko tó yí i ká nìkan ni kó máa bomi rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, kí Ẹnjiníà tó lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó tún kìlọ̀ fún un.

"Bàbá Àjàó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí omi kankan kán sí àárín yìí."

"Mo ti gbọ́, Ẹnjiníà. Ẹ máa lọ."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn mú, ó lọ wo amọ̀ náà, ó rí i pé ó ti ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìlà irun. Àánú ilẹ̀ ṣe é. Ó rò ó pé kò sí àlejò tó máa rí ilẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ báyìí tí kò ní sọ pé olùtọ́jú rẹ̀ kò mọṣẹ́. Ó bu omi ife kan, ó rọra wọ́n ọn sí ibi tó là jù.

Ibi tó wọ́n omi sí dúdú, ìyókù funfun, ó wá dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Kí ó lè dọ́gba, Àjàó gbé korobá, ó wọ́n ìyókù. Kò dọ́gba síbẹ̀. Ló bá fa rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń bomi rin koríko. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa dọ́gba, àárín pápá ti ń dán bí ojú odò, lékeléke méjì sì ti bà síbẹ̀.

Àyà Àjàó já. Ó sáré da iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ lé e, ó di ẹrẹ̀. Ó rántí irin rìbìtì ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀, ó ní bí òun bá yí i kọjá, omi á fún jáde. Irin náà yí dé àárín, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń jókòó. Ó lọ bẹ Gáníyù, ẹni tó ń wa katakata níbi iṣẹ́, pé kó wá fà á jáde. Gáníyù béèrè bóyá ilẹ̀ náà le. Àjàó ní ó le. Kò pẹ́ tí táyà ẹ̀yìn katakata fi wọlẹ̀ dé ìdajì. Gáníyù fò láti orí ìjókòó sórí koríko, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè òun, kí wọ́n sọ pé òun kò wá síṣẹ́ lónìí.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí ọkọ̀ Ẹnjiníà fi dé. Àlejò náà, Ọ̀gbẹ́ni Ragúnátì, ará Íńdíà, wọ bàtà funfun báláú, ó sì kọrí sí àárín pápá tààrà. Bí Àjàó ṣe rí bàtà yẹn, kò ro ohunkóhun mọ́. Ó sáré láti lọ dí i lọ́nà, ó sì gba orí amọ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlẹ̀ dé orúnkún. Ó ní kí òun fi ti òsì fa á yọ, òun náà wọlẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn.

Àlejò ní kí Ẹnjiníà bá òun béèrè ẹni tó da omi síbẹ̀. Àjàó ní ó lè jẹ́ òjò. Ọ̀gbẹ́ni Ragúnátì gbójú wo òfurufú tí kò sí ìkùukùu kankan níbẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàtà Ẹnjiníà gbẹ. Ti Gáníyù gbẹ. Ti àwọn tó ń kun ìjókòó òǹwòran gbẹ. Gbogbo wọn wá yíjú sí Àjàó, ẹni tí wọn kò tilẹ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

"Èmi ni," ni Àjàó sọ, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Ilẹ̀ náà ló ṣe mí láàánú."

Wọ́n fà á jáde. Ó jókòó sórí koríko, ó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ṣùgbọ́n àlejò kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ihò tí ẹsẹ̀ Àjàó gbẹ́. Ó ń wá òkúta wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wà lábẹ́ amọ̀ kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Kò bá ẹyọ kan. Ẹrẹ̀ àbàtà ni agbaṣẹ́ṣe tí ìjọba gbé iṣẹ́ pápá náà fún kó síbẹ̀, tó wá fi amọ̀ bò ó lójú. Ó sọ fún Ẹnjiníà pé ká ní ọjọ́ ìdíje àkọ́kọ́ ni òjò rọ̀, ìṣojú gbogbo ayé ni ìtìjú yìí ìbá ti ṣẹlẹ̀. Kò fọwọ́ sí pápá náà, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní oṣù mẹ́ta kí wọ́n tún un ṣe. Ó ní kí wọ́n má lé ọkùnrin tó da omi náà o. Ọkùnrin náà gan-an ni kó wá fi ẹsẹ̀ dán an wò bí wọ́n bá tún un ṣe tán.

Oṣù mẹ́ta pé, àlejò padà dé, gbogbo ìlú pé jọ. Àjàó da omi sí amọ̀ tuntun, ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó pa ojú dé, ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ náà tutù, ṣùgbọ́n kò rì. Àlejò fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kí orílẹ̀-èdè kankan tó wá ṣeré ní Ìdí-Ọsàn, Àjàó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da omi, kó sì tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ní òtútù ń mú òun, kí wọ́n rán ẹlòmíràn, Gáníyù á ní òun kò wá síṣẹ́, Ẹnjiníà á sì na ọwọ́ sí pátákó òfin tó gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà pápá. Àwọn ará ibòmíràn lè pè é lọ́rọ̀ ọgbọ́n. Ní Ìdí-Ọsàn, òfin iṣẹ́ ni: ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.