Káàbọ̀ Tí Láṣebìkan Kí Lẹ́nu Ibodè Ìsàlódi

Ǹjẹ́ ẹ tiẹ̀ ti bi ara yín rí pé kí ló mú àwọn àgbà máa wí pé àlejò kì í kí onílé káàbọ̀? Bí àwọn ọkùnrin bá ní ọgbọ́n ló bí i, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹnu ọkùnrin kan ló bí i.

Láṣebìkan ni wọ́n ń pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú òun lọ sí Ìsàlódi, ìlú àtijọ́ tí odi yí ká létí odò, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹmu ògùrọ̀ tó dùn ju oyin lọ. Ohun tí obìnrin yìí fẹ́ ò ju kó fojú rí odi náà, kó mu igbá kan, kó padà sílé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó gbà tí wọ́n lọ, láti orí omi ni Láṣebìkan ti ń kọ́ ọlọ́kọ̀ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀.

Abọ́sẹ̀dé ní, "Bàbá Ìdòwú, ẹ jẹ́ kẹ́nu sinmi díẹ̀."

"Kí ló kù tí mi ò mọ̀ nípa odò?"

Nígbà tí wọ́n dé ibodè, arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ẹrù rẹ̀ dídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń ti oko dé, gbogbo wọn ló ń fọwọ́ bo ẹnu kọjá. Abọ́sẹ̀dé rí i, òun náà fọwọ́ bo tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó rí adẹ́mu kan tó ń wọlé bọ̀, ló bá la ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ káàbọ̀ o, ará wa."

Arúgbó náà dìde, ó fi fìlà rẹ̀ dé Láṣebìkan lórí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ibodè lé e lọ́wọ́.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń retí rẹ," ló wí. "Oníbodè nìkan ló ń kí èèyàn káàbọ̀ níbí. Ẹlòmíràn tó bá kí èèyàn káàbọ̀ ló gba ipò, kò sì ní kúrò títí ẹnu ẹlòmíràn yóò fi ṣì í sọ. Èmi náà, ẹmu ni mo wá mu." Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sáré. Arúgbó tó ń tiro láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Láṣebìkan ní òun ń lọ sílé. Àwọn géńdé mẹ́rin gbé e padà sórí àpótí. Ló bá ń jáde, ó ń wọlé, ó ń ké sí gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Mo dé o." Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ó ké sí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ náà panu mọ́, ó kọjá.

Abọ́sẹ̀dé wo odi títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó mu igbá tirẹ̀, ó sì bá ọkọ rẹ̀ mu tirẹ̀.

Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, Láṣebìkan bọ́ fìlà, ó jáde ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó wá wọlé bí ẹni tó ti oko dé, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. "Ìyá Ìdòwú, mo dé o."

Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń dá ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn, kódà lójú oorun. Ẹnu rẹ̀ ti là. "Ẹ ká..." Àwọn èèyàn yọjú lórí odi. Ewúrẹ́ dúró. Abọ́sẹ̀dé gbé èyí tó kù mì.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá oníbodè," ló wí, ó sì wọ ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ tù ú dé òdìkejì láìsí ẹni tó kọ́ ọ.

Bí ẹ bá dé Ìsàlódi, Láṣebìkan ni yóò kí yín. Ẹ fọwọ́ bo ẹnu yín kẹ́ ẹ sì kọjá, torí àlejò kì í kí onílé káàbọ̀.