Níyìọlá Lọ Gba Ìdána ní Iléṣà

Bí ẹ bá pe Níyìọlá ní Níyìọlá lásán ní Dàda Estate, l'Óṣogbo, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ ní láti fi kún un: Níyìọlá, Amòye Ìdàgbàsókè, Olówó-orí Gúúsù Éṣíà, akàwé-kàwé tí ìwé fi ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó.

Lóòótọ́ ló gboyè kejì nílùú òyìnbó lórí ìdàgbàsókè àti ìgbé-ayé àwọn ará Íńdíà àti Bangladéṣì. Ìyà tí ìdána ń fi jẹ àwọn òbí ọmọbìnrin níbẹ̀ ló ṣe ìwádìí lé lórí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ohun tí òun rí dì mú ni pé lọ́hùn-ún, ilé ìyàwó ló ń san ìdána fún ọkọ. "Ẹni tó lọ sí Ṣókótó tí kò ra àlùbọ́sà bọ̀," ló máa ń wí, "kí ló lọ wá?"

Lábíkẹ́ ló fẹ́ fẹ́, ọmọ Bàbá Ògúnṣẹ̀yẹ tó ń ta pákó ní Iléṣà. Ẹ gbà mí, ta ló ń lọ sin gbèsè lọ́wọ́ ọmọ Òṣómàáló?

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ilé kún fọ́fọ́. Màmá Níyìọlá ti kó iṣu wá láti Ọ̀tan-Ilé. Níyìọlá dìde, ó ṣẹ́ agbádá lé èjìká.

"Ẹ̀yin òbí wa, níbi tí mo ti ṣe ìwádìí, ilé ìyàwó ló ń fún ọkọ ní nǹkan. Mọ́tò kan, ilẹ̀ kan l'Ọ́fàtẹ̀dó. Mi ò béèrè jù."

Ìtìjú mú màmá rẹ̀, ó fọwọ́ bojú.

Bàbá Ògúnṣẹ̀yẹ ò bínú. "Àṣà tó dáa. Kọ́ wa sí i, Ọ̀mọ̀wé. Níbẹ̀, ta ní ń yan ọkọ fọ́mọ?"

Inú Amòye dùn, wọ́n bi í ní ohun tó mọ̀. "Àwọn òbí ni, sà! Ọmọ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá. Bí bàbá bá ti mirí, ó parí."

"Lábíkẹ́, o gbọ́?"

Lábíkẹ́ wo Níyìọlá títí. Ó dùn ún, torí ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Mo gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àṣà ibi tí Amòye ti ṣe ìwádìí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yàn."

Bàbá mirí. "A ò yàn án."

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. "Ẹ dákun, sà," ni Níyìọlá ń wí, "ibẹ̀ yẹn jìnnà o! Àṣà tiwa ńkọ́?"

Màmá rẹ̀ ti dìde. "Amòye, ṣé wàá gbé iṣu yìí, àbí ilé ìyàwó ló tún ń bá ọkọ rù ú?"

Òun fúnra rẹ̀ ló rù ú jáde, lójú gbogbo àlejò.