Òòrùn Orí Rédíò Tó Ṣí Aránbàtà Lórùlé

Ẹjọ́ tó balẹ̀ sí ààfin lánàá ti lo ọdún méje nínú aránbàtà. Láti ọjọ́ tí ìjì ti ká a mọ́ inú ilé tí kò lórùlé ni kò ti kí Ohùn-Oyin, ẹni tó ń ka ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rédíò, mọ́. Bí ohùn yẹn bá ti jáde, á pa rédíò, á sì tún na rédíò náà ní bàtà.

"Kábíyèsí," aránbàtà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, "ọkùnrin yìí ní ooru ni yóò mú jákèjádò orílẹ̀-èdè, pé ẹ̀kán òjò kan kò ní í kán. Mo bá ká páánù ilé mi kúrò kí n fi tuntun sí i. Kí n tó gun àkàbà padà, ìjì ti dé láti orí òkun. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì wa sọdá títì! Ìyàwó mi sì wà lórí ẹ̀!"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì?" Ọba bèèrè.

"Ó ń sùn ni, Kábíyèsí."

Ìyàwó rẹ̀ pòṣé lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. "Gbogbo àdúgbò ló ní ìjì ni wọ́n kéde. Agídí bàbá àwọn ọmọ mi ló ṣí òrùlé."

Ibẹ̀ gan-an ló ń dun aránbàtà. Bẹ́ẹ̀dì ti padà, páánù ti padà, ṣùgbọ́n iyì ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò padà sínú ilé. Bó bá ní ilẹ̀ ti mọ́, ìyàwó á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé.

Ohùn-Oyin dìde, ó tún kóòtù ṣe. "Kábíyèsí, ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa ọ̀wọ́n—"

"Ààfin lo wà o," ìjòyè kan ké mọ́ ọn. "A ò tan rédíò."

"Ẹ má bínú. Ìjì ni mo kà. Ìjì, àrá, ẹ̀fúùfù líle."

Wọ́n pe onígbàjámọ̀ kó wá jẹ́rìí.

"Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ, ìjì ló kà."

"Lórí rédíò ta ni?" Ọba bi í.

"Tèmi."

"Èyí tí ò ní bátìrì láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́ yẹn?" aránbàtà bi í.

Onígbàjámọ̀ wolẹ̀. "Ohun tí rédíò mi ì bá sọ, ká ní ó ní bátìrì, ni mò ń sọ."

Ó kan obìnrin télọ̀. "Ìjì ni wọ́n kéde, Kábíyèsí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré lọ ra fáànù."

"Ìjì ń bọ̀, o lọ ra fáànù?" Ọba ní. "Ṣé atẹ́gùn ìjì ò ní tó ọ ni?"

Télọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ooru ni. Gbogbo wa ládùúgbò ni wọ́n ní ká má mẹ́nu ba ooru."

"Ọ̀dọ̀ ta lo ti ra fáànù?"

"Ṣọ́ọ̀bù tiwọn ni." Ó nawọ́ sí Ohùn-Oyin. "Bí wọ́n bá ti kéde tán ni wọ́n máa ń sáré wá ṣílẹ̀kùn."

Òógùn bo Ohùn-Oyin. "Kábíyèsí, ká tilẹ̀ ní ooru ni mo pè é. Ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè yìí niṣẹ́ mi. Ìjì tó wá láti orí òkun, àjèjì ni. Ṣé èmi ni yóò yẹ ìwé ìrìnnà rẹ̀ wò?"

Ọba yọjú wo òkè. Ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. "Tòní ńkọ́?"

"Ooru, Kábíyèsí. Òòrùn yóò ràn gan-an."

"Fáànù tuntun ti dé, àbí?"

"Wọ́n dé láàárọ̀, Kábíyèsí."

"Ó dáa. Ẹ gbé àga sí àárín àgbàlá fún un, kó máa yá òòrùn tó pè. Bó bá fẹ́ wọlé, kó kéde tọdún méje sẹ́yìn bó ṣe rí gan-an, kí ìyàwó aránbàtà gbọ́."

Àrá sán. Ìjì ṣí fìlà Ohùn-Oyin, òjò sì dà lé e lórí.

"Ó máa tó ràn!" ó ń pariwo, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Yìnyín kan bà á níwájú orí.

"Ẹ gbà mí o! Ìjì ni iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ní kí n kà! Èmi ni mo sọ ọ́ di ooru torí pé fáànù ò tà! Irọ́ ni mo pa!"

Aránbàtà na etí lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò gbọ́," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ rọra fà á lápá aṣọ, kò wò ó lójú.

"Ó ní irọ́ lòun pa. Ó ní òótọ́ lẹ sọ."