Ejò Wà Láyà Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, àní bí mo bá darúgbó débi pé mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ tí mo gbéra ní Parkchester, àdúgbò wa lókè òkun, tí mo ní mo fẹ́ lọ gba ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òrìṣà Gíríìkì ni.

Bísọ́lá, ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni wọ́n mú pé kó ṣe Àtẹ́nà nínú eré ilé ìwé wọn. Inú rẹ̀ dùn, kò lè jẹun. Ìgbà tí mo gbọ́ pé òrìṣà ni Àtẹ́nà, mo fò sókè. Èmi díákónì kẹ̀! Mo ní kò ní ṣe é. Ọmọ bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì iyì mi, èyí tí mo rà ní ọjà Fordham, tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe ojú obìnrin kan sí láyà. Mo bá tíṣà wọn ní kíláàsì, Bísọ́lá jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

Mo ní, "Mísìs, òrìṣà Gíríìkì kan ò lè wọ ẹnu ọ̀nà mi láéláé!"

Àyà mi ni tíṣà ń wò. Mo rò pé aṣọ náà wù ú ni, mo tún wá gbé àyà síta.

Bísọ́lá ní, "Dádì, ta ni obìnrin tó wà lára aṣọ yín?"

"Olówó kan ni. Òun ló ni ilé iṣẹ́ tó rán an."

"Irun ẹ̀ ńkọ́?"

"Dàda ni."

"Dádì, ejò ni o! Mẹ̀dúsà nìyẹn, ará Gíríìkì. Ẹni tó bá wò ó, á di òkúta."

Mo wo àyà mi. Lóòótọ́, ejò ni, gbogbo wọn lanu sí mi. Èmi gan-an ni mo di òkúta, torí aṣọ yìí náà ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti fi mí jẹ díákónì.

Mo sáré gbé ìwé ńlá kan lórí tábìlì, mo fi bo àyà.

Tíṣà rọra ní, "Sà, àtíláàsì nìyẹn, ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé. Àwọn Gíríìkì náà ló lorúkọ yẹn: òmìrán wọn tó ru sánmà ni." Mo jù ú sílẹ̀ bí ẹni di ẹyin iná mú. Ló bá tún ní, "A ò tíì rí ẹni tó máa ṣe òmìrán yẹn nínú eré wa."

Bí mo ṣe gbà nìyẹn, fún èmi àti ọmọ mi. Lọ́jọ́ eré, Bísọ́lá mú ọ̀kọ̀ dání bí ọba. Èmi wà lẹ́yìn ẹ̀, mo ró bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, mo ru bọ́ọ̀lù ràgàjì tí wọ́n fi ṣe sánmà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni sánmà já bọ́ lọ́rùn mi.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: ẹni tó fẹ́ lé àlejò jáde, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá òun fúnra ẹ̀ ló pọ̀n ọ́n wọlé. Ṣẹ́ẹ̀tì náà? Ó ṣì wà. Owó mi kúkú ni. Inú ilé nìkan ni mo ti ń wọ̀ ọ́, mo sì máa ń yí inú ẹ̀ síta.