Ìgbòkun tí mo rán fún Alfa Búsàrí

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti gbìyànjú títí kí n gbàgbé rẹ̀, kò gbà. Mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ìbàdàn nígbà náà ni, èmi sì jẹ́ télọ̀ ní Bẹyẹrunkà. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, mo ní téèpù lọ́rùn, mo sì ní ìgbéraga tó ju méjèèjì lọ. Bí mo bá rán ṣòkòtò fún èèyàn, á mọ́ ọn lára bí awọ ara rẹ̀ ni. Kí aṣọ ṣò lára oníbàárà mi, àbùkù gbáà ni lójú mi.

Ará Ẹ̀pẹ́ ni Alfa Búsàrí. Ó ní ọkọ̀ ìgbòkun tó fi ń kó obì lórí ọ̀sà, bó bá sì wá ra obì ní Ọjà'ba, ilé wa ló ń dé sí, nítorí òun àti bàbá mi ni wọ́n jọ kéwú. Ní ọdún kan, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràbíátù, wá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò lọ́dọ̀ ìyá mi. Kí wọ́n tó lọ, mo ti sọ fún bàbá mi pé n kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Bàbá mi bá Alfa sọ ọ́. Alfa wò mí láti òkè délẹ̀.

“Télọ̀,” ó ní, “ìgbòkun ọkọ̀ mi ti gbó. Rán tuntun fún mi, kí o sì gbé e wá sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ. Bí a bá ti fi í rìn lọ rìn bọ̀, a ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ.”

Ó fún mi ní okùn tó fi wọn òpó ọkọ̀ náà. Ó ní àwọn òrùka aṣọ tí yóò so ìgbòkun mọ́ òpó, kí n jẹ́ kí wọ́n ṣò dáadáa. Mo ní, “Ó dáa, Bàbá.” Nínú ọkàn mi, mo ní kí ni ọlọ́kọ̀ mọ̀ nípa aṣọ rírán?

Gbági ni mo ti ra aṣọ òyìnbó funfun kan tó nípọn bí kíjìpá. Àgbàlá wa kò gbà á, ni mo bá lọ tẹ́ ẹ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Máàpó kí n tó gé e. Bàbá kan tó ń bọ̀ láti Bẹẹrẹ dúró, ó bi mí pé ṣòkòtò ta nìyí. Mo ní ti ọkọ̀ ni. Ó ní, “Ọkọ̀ náà ti ń wọ ṣòkòtò,” ó mirí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi rán an. Àwọn òrùka yẹn, mo rán wọn bí ọrùn bùbá, wọ́n sì ṣe déédéé okùn tí Alfa fún mi, kò fi ibì kan ṣẹ́ kù.

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin mẹ́ta ló fi agbára ti ìgbòkun náà gun orí òpó. Mo ní tuntun ló ń ṣe é, yóò rọ̀. Alfa wò ó lọ sókè. Ó ní ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, àmọ́ ó fi í sílé lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ kí gbogbo Ẹ̀pẹ́ rí i pé ìgbòkun tí àna òun rán nìkan ló gbé òun dé èbúté. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pè mí, àna. Orí mi wú tó àfọ̀n.

A kó obì lọ sí Èjìnrìn, ọkọ̀ ń fò bí ẹyẹ. Nígbà tí a ń padà bọ̀, òjò kan rọ̀ sí wa lára, kò pẹ́ tó fi dá. Ọ̀sán ni a rí èbúté Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú afárá onípákó rẹ̀ tó gùn wọnú omi. Ràbíátù àti ìyá rẹ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n ń dúró dè wá.

Lámídì, atukọ̀ Alfa, tú okùn kí ìgbòkun lè wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Ó fà á, kò mira. Ó rọ̀ mọ́ ọn tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ó ń fì bí èso ìbẹ́pẹ. Òjò ti mú kí òrùka náà fún pọ̀.

“Télọ̀,” Alfa pè mí, “kí ló dì í mú?”

“Ó mọ́ òpó náà lára ni, Bàbá.”

Alfa ní kò burú, a ó fi ìgbòkun náà gúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá sún mọ́ afárá, òun yóò kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, ìgbòkun kò ní í ní agbára mọ́, ọkọ̀ yóò sì rọra yọ́ débẹ̀. Ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúró kí ó tó débẹ̀. Àwọn obìnrin na ọwọ́, Lámídì na ọ̀pá, kò tó. Afẹ́fẹ́ sì tì wá padà sẹ́yìn.

Alfa yí ọkọ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi okùn tó ń darí ìdí ìgbòkun lé mi lọ́wọ́, ó ní bí òun bá ti ní “jù ú”, kí n jù ú sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró. Ẹ̀rù omi ń bà mí, ni mo bá wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó ní “jù ú”, mo fẹ́ jù ú, okùn ò gbà. A gba iwájú Ràbíátù kọjá bí ìgbà tí a kò mọ̀ ọ́n rí, a sì kó wọ àárín àwọ̀n àwọn apẹja. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wò mí, ó ní, “Ẹ kúkú gbé mi náà lọ.”

Ojú sánmà tún ń ṣú. Ìrètí mi ti pin pátápátá. Mo yọ àlùmọ́gàjí lápò, mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé e.” Alfa mí kanlẹ̀, ó ní kí n gé e. Mo gun èjìká Lámídì, mo ń fi ọwọ́ ara mi gé iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi, omijé ń bọ́ lójú mi. Ọwọ́ mi ò tó àwọn òrùka òkè. Ìsàlẹ̀ ìgbòkun tú, afẹ́fẹ́ gbá a mú, ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kọ lu afárá. Pákó mẹ́ta ló dá. Ìyá Ràbíátù ló sì dúró lórí wọn. Bó ṣe já sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà já bọ́ láti èjìká Lámídì, òrùka òkè já, ìgbòkun sì wá bo èmi àtòun mọ́lẹ̀.

Wọ́n fà wá jáde. Gèlè rẹ̀ ti lọ. Ó wò mí. “Ìwọ ni télọ̀ ará Ìbàdàn?”

“Èmi ni, Mà.”

“O kú iṣẹ́.”

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀, Alfa pè mí. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

“Iṣẹ́ rẹ mọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ pé kí o jẹ́ kó ṣò. O dá mi lóhùn, o sì lọ ṣe tinú rẹ. Bí ọmọ mi bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ nílé rẹ, ṣé bí wàá ṣe máa gbọ́ ọ nìyẹn?”

Mo di ẹrù mi. Ràbíátù gbé ẹ̀kọ àti ẹja fún mi láti jẹ lọ́nà. Kò wò mí lójú. Kí ọdún tó yí po, ó ti wọlé ọkọ, kì í sì í ṣe ilé tèmi.

Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó ní “ó dáa” lè máà gbọ́ nǹkan kan rárá. Ẹ̀kọ́ náà gbówó lórí fún mi. Nígbà tí mo dé Bẹyẹrunkà, bàbá mi bi mí pé báwo ni ìrìn àjò. Mo ní, “Ọkọ̀ gúnlẹ̀, Bàbá.” Ó ní, “Àlùhámúdù lílláhì.” Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín sì pa mí, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nígbà tí ẹkún ò bá tó nǹkan náà mọ́.