Ibùsùn Ọba Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Leokadia fi ìda oyin kun ilẹ̀ yàrá ọba!

Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó kùn ún. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ṣùgbọ́n obìnrin kan ń bọ̀ láti Warsaw lọ́jọ́ kejì, ó ń bọ̀ wá yẹ ààfin wò, Leokadia sì ní ilẹ̀ pákó yẹn gbọ́dọ̀ dán débi tí àlejò á ti rí eyín ara ẹ̀ nínú ẹ̀. Ó kùn ún, ó nù ún, ó tún kùn ún. Nígbà tó parí, eṣinṣin kan bà síbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ̀!

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Leokadia ti fi jókòó sórí àga kan ní Ààfin Jaworzec, ní igun yàrá ibùsùn Ọba Dobromir. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ àlejò lọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o." Ohun tó ń wí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń mú àlejò yíká, tó ń sọ ìtàn ààfin, ni Alàgbà Hipolit, ọkùnrin gbàǹgbà tí ohùn ẹ̀ ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Leokadia ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ẹ̀ títí tó fi mọ ibi tí Hipolit ti máa ń mí.

Lọ́jọ́ tó ní òun náà lè sọ ọ́, ẹ̀rín tí Hipolit rín, bọ́tìnì méjì ló já lára ẹ̀wù ẹ̀.

"Ìwọ kẹ̀? Ìyá Oníjòkó! Ìtàn ọba kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìdí kọ́ o!"

Leokadia padà sórí àga ẹ̀. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé kábéèjì, ó sì ń sọ ìtàn Ọba Dobromir fún ológbò ẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ológbò náà ti mọ ìtàn ju àwọn àlejò lọ.

Ló bá di àárọ̀ Ọjọ́bọ tí obìnrin Warsaw ń bọ̀. Ọ̀gá Olgierd, tó jẹ́ olórí ààfin, sáré wọlé, òógùn ń já ṣọ̀ọ̀ lórí ẹ̀ tó pá.

"Màmá Leokadia! A gbé o! Hipolit ránṣẹ́ pé ibà dá òun wólẹ̀!"

"Ibà kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ilé àna ẹ̀ ló lọ lánàá? Wọ́n ń ṣe ọjọ́ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ àna ẹ̀ lórúkọ, ọtí èso púlọ́ọ̀mù sì ń ṣàn níbẹ̀ bí odò."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Madam Wrońska ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ẹ mọ ìtàn yìí?"

"Láti àtẹ̀gùn dé òrùlé, ọ̀gá mi."

"Ó dáa. Tó bá lọ geere lónìí, ẹ̀yin lẹ ó máa mú àlejò yíká. Tí ò bá lọ geere..." Ó wo àga igun yẹn. "Ẹ ó máa bá àga yín lọ."

Leokadia fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. "Antoni Mímọ́, ìwọ tó máa ń bá wa wá ohun tó sọnù, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu mi lónìí."

Madam Wrońska wọlé. Obìnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbé ìwé àti bírò dání. Ẹnu ẹ̀ dì pa bíi pọ́ọ̀sì olówó. Bí gbogbo àlejò ṣe ń ṣe, ó ti bàtà ẹ̀ bọ inú sálúbàtà ńlá onírun àgùntàn, kí ilẹ̀ ọba má bàa họ. Sálúbàtà ọ̀hún tóbi bí ọkọ̀ ojú omi! Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í rìn. Fífà ló ń fà á: ṣùù, ṣùù, ṣùù.

Leokadia wọ tiẹ̀. Ọ̀gá Olgierd wọ tiẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra.

Ṣùù, ṣùù, ṣùù.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọba Dobromir fi kọ́ ààfin yìí," ni Leokadia bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó ẹ̀ ló ní ilé bàbá òun dára ju ilé ọkọ òun lọ. Ọba bínú, ó gbé ilé ọ̀hún dé ojú ọ̀run."

Madam Wrońska kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọba ò fẹ́ kí nǹkan kan wà tí kò ní ìbejì. Ilẹ̀kùn gidi rèé lápá ọ̀tún. Tapá òsì yẹn, ọ̀dà ni wọ́n fi yà á sára ògiri kí méjèèjì lè bára mu."

Ọ̀gá Olgierd, tí àyà ẹ̀ ti ń já láti àárọ̀, sáré lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Èwo ló lọ ṣí?

Gbà! Ìka ẹ̀ lu ògiri.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá mi," ni Leokadia wí, ó sì ń bá ìtàn lọ. Ó sọ bí àwọn ọmọ ogun Sweden ṣe kó wúrà lọ, tí wọ́n sì so ẹṣin mọ́ inú gbọ̀ngàn ijó. Ó sọ ti àwọn áńgẹ́lì sísanra tí wọ́n yà sí àjà. Ọ̀rọ̀ kan ò sọnù. Antoni Mímọ́ ń ṣiṣẹ́!

Wọ́n bá dé yàrá ọba.

Ibùsùn náà rèé níwájú wọn, ó tóbi bí yàrá, kọ́tìnì àrán pupa bò ó yíká. Okùn kan ni wọ́n ta síwájú ẹ̀. Lára ògiri tó kọjú sí ibùsùn, wọ́n gbé àwòrán Ọba Dobromir kọ́, pẹ̀lú irun àtọwọ́dá funfun gẹrẹrẹ lórí ẹ̀.

"Òru mẹ́sàn-án péré ni ọba sùn níbí," ni Leokadia wí. "Lọ́jọ́ kẹwàá, ó lọ ṣọdẹ, òtútù mú un, ó kú. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni ò kan ibùsùn yìí mọ́."

*Hùn-ún...*

Nǹkan kan dún. Leokadia rò pé ikùn Ọ̀gá Olgierd ni. Ọ̀gá Olgierd rò pé ikùn Madam Wrońska ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wí.

"Báwo làwọn èèyàn ṣe ń kí ọba?" ni Madam Wrońska bi í.

Áà! Ìbéèrè tó ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́tàdínlógún!

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é hàn yín." Ó kọjú sí àwòrán, ó kọ̀yìn sí ibùsùn. "Ẹni tó bá wá kí ọba ò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa tẹrí ba, á sì máa fẹ̀yìn rìn jáde."

Ó tẹrí ba. Ó fẹ̀yìn rìn. Ṣùù.

Ó tún tẹrí ba. Ó fẹ̀yìn rìn. Ṣùùù.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fẹ́ kó wuyì. Ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dáadáa.

Ìda oyin!

Fììììììììììì!

"Ẹ dì mí mú o!" ni Leokadia ké, ó ń fẹ̀yìn lọ bí ẹní wọ ọkọ̀ ojú irin. Madam Wrońska na ọwọ́ láti dì í mú. Ó dì í mú lóòótọ́.

Fììììììì! Ó di méjì!

Okùn já, pà! Kọ́tìnì fàya, fààà! Òrùka kọ́tìnì ń já lókè, ṣàn-ṣàn-ṣàn-ṣàn! Àwọn méjèèjì balẹ̀ sórí ibùsùn tí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni ò kàn láti ayé ọba.

GBÌÌÌÌ!

"YÉÈÈÈÈ!"

Ta ló pariwo? Leokadia kọ́. Madam Wrońska kọ́.

Ibùsùn ló pariwo!

Orí kan dìde láàárín ìrọ̀rí. Gbogbo eruku tó ti ń sùn lórí kọ́tìnì láti ayébáyé ti dà lé e lórí, bùùù, irun ẹ̀ funfun gẹrẹrẹ. Àrán pupa wé mọ́ èjìká ẹ̀. Sọ́sééjì tí wọ́n ti jẹ dé ìdajì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀ bí ọ̀pá àṣẹ.

"Ta ló ń jí mi?" ló wí, ohùn ẹ̀ dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Hipolit! Ibà tó dá a wólẹ̀, orí ibùsùn ọba ló dá a wó sí!

Ọ̀gá Olgierd di ògiri mú. Leokadia rí àga igun yẹn látòkè ibùsùn, ó dà bíi pé àga náà ń pè é pé, máa bọ̀, ìyá. Kí ló máa wí báyìí? Ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni ò kàn án kẹ̀?

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹrí ba.

"Kábíyèsí, ẹ kú ojú oorun o. Àwọn àlejò yín láti Warsaw ti dé."

Hipolit ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. Leokadia já a ní èékánná lẹ́sẹ̀, nínú àrán.

"Yé! Ẹ... ẹ káàbọ̀," ni Kábíyèsí wí. Ó di orí mú; omi kùkúmbà kíkan ni wọ́n fi ń pa ọtí àná lójú níbẹ̀. "Ṣé wọ́n gbé omi kùkúmbà kíkan wá?"

Madam Wrońska tún gíláàsì ojú ẹ̀ ṣe. "Omi kùkúmbà kíkan? Ṣé ọba máa ń mu ún ni?"

"Láràárọ̀, Madam," ni Leokadia wí. "Pàápàá tó bá ti ilé àna ẹ̀ dé."

Ẹ wá wo nǹkan! Ẹnu tó dì pa láti Warsaw là. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín kèè-kèè-kèè, ó ń fi ìwé lu itan, eruku ń bọ́ lára ẹ̀.

"Ọba mà ń jí níbí! Ó tiẹ̀ ń rùn bí ayé àtijọ́! Ṣé ojoojúmọ́ ló ń jí?"

"Ọjọ́bọ nìkan ni, Madam. Àwọn ọjọ́ yòókù, ó ti kú."

Ẹ̀rín ń pa mí o!

Nígbà tí Madam Wrońska lọ tán, tó ti bọ Leokadia lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Ọ̀gá Olgierd tilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn gidi.

"Hipolit! Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti sùn lórí ibùsùn yìí?"

Hipolit wo àjà, ó wo àwọn áńgẹ́lì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kà, ó fi tòsì kà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ọba sùn, àbí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án!"

"Hmm. Mo ti ju ọba lọ."

Leokadia ló ń mú àlejò yíká ní Jaworzec báyìí. Ológbò ló jókòó sórí àga igun. Tó bá di Ọjọ́bọ, wọ́n á da ìyẹ̀fun sórí Hipolit, wọ́n á wé e ní àrán, wọ́n á sì kìlọ̀ fún un kó má la ẹnu. Leokadia á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọba rèé. Òru mẹ́sàn-án péré ló sùn lórí ibùsùn yìí."

*Hààààn-pùùùù!*

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o."